Ògùn ni mò ń sùn, Èkó ni mò ń ṣiṣẹ́: ta ló ni owó orí mi?

Olóòtú àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà ọkùnrin ará Ìjọ̀kò tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó lọ ni mo fẹ́ fèsì sí. Ọkùnrin náà ní Èkó lòun ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń yọ owó orí òun kí owó oṣù tó wọ báńkì. Ó fẹ́ gba ìwé ilẹ̀ tó rà, wọ́n ní kó mú tax clearance, ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ti san owó orí, ti ọdún mẹ́ta wá. Ìgbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń gbà á, wọ́n ní àwọn ò rí orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn, kó yáa lọ san ti ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wá bi yín léèrè bóyá ìpínlẹ̀ méjì ló yẹ kí òṣìṣẹ́ kan máa sanwó orí fún. Mo retí kí ẹni tó mọ̀ jù mí lọ dá a lóhùn. Èpè tí wọ́n ń ṣẹ́ fún ìjọba nìkan ni mò ń gbọ́ ní ìsọ̀ oníwèé-ìròyìn, ni mo bá ní kí n gbé bíírò.

Iṣẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mò ń ṣètò owó oṣù ní iléeṣẹ́ kan n'Ìkẹjà, Àkútè ni mo sì ń gbé. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi ń yọ owó orí àwọn èèyàn, ọwọ́ mi náà ni mo fi ń yọ tèmi.

Ẹni tí kò bá mọ àdúgbò wa lè rò pé ààlà ìpínlẹ̀ jẹ́ nǹkan téèyàn ń fojú rí. Ẹ wọ kòròpè ní Berger, ẹ gba Òjódù, ẹ já sí Alágbolé, ẹ dé Àkútè: ọjà ò yí padà, èdè ò yí padà, kòtò ojú ọ̀nà gan-an ò yí padà. Bí ẹ ò bá rí pátákó ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ti kúrò l'Ékòó. Omi tí wọ́n ń tọ́jú ní Ìjú kí ará Èkó lè rí mu, Àkútè níbí ni wọ́n ti ń fà á láti inú odò Ògùn, àwa tí a ń gbé lẹ́bàá odò sì ń gbẹ́ kànga káàkiri. Ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ owó orí o, inú ló ń bí mi ni mo fi sọ ọ́.

Ní kùtù àárọ̀, Èkó ni gbogbo wa ń dorí kọ. Àní ọkọ̀ ojú irin Red Line tí ìjọba Èkó ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2024, Agbádó lẹ́nu ààlà ló ti ń gbéra lọ sí Oyíngbò. Ta ni wọ́n rò pé ó máa wọ̀ ọ́ láago mẹ́fà ìdájí, bí kò ṣe àwa?

Ohun tí òfin sọ kò le. Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní PAYE, ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni ín. Kò kan ibi tí iléeṣẹ́ wà, kò sì kan ìlú bàbá òṣìṣẹ́. Bó ṣe wà nínú òfin owó orí ti 1993 nìyẹn, bó sì ṣe wà nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe ní 2011. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, yí iye tí à ń san padà, ó tún àwọn àjọ sọ lórúkọ: FIRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, di Nigeria Revenue Service; Joint Tax Board, àjọ tó kó àwọn àjọ owó orí ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ pọ̀, di Joint Revenue Board. Kò gba owó orí lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé. Àwọn tí òfin yà sọ́tọ̀ ò pọ̀: ṣọ́jà, ọlọ́pàá, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti àwọn tó ń gbé Àbújá. Ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń san tiwọn fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìjọ̀kò, ìdáhùn ìbéèrè yín ni pé rárá. Ẹ ò jẹ ìpínlẹ̀ méjì lówó orí. Ìpínlẹ̀ kan ni, Ògùn sì ni. Ẹjọ́ tó wà ńlẹ̀ ni bí owó tó jẹ́ ti Ògùn ṣe ń lọ sí àpò Èkó, àti ẹni tó yẹ kó dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ọ́fíìsì mi. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù, owó orí tí a yọ ní oṣù tó ṣáájú gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Mo máa ń to orúkọ sórí kọ̀ǹpútà: orúkọ òṣìṣẹ́, nọ́ńbà owó orí rẹ̀, iye tó gbà, iye tí a yọ. Bí ọdún bá yí, kó tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní, mo tún máa kó ti odindi ọdún tó kọjá jọ sínú fọ́ọ̀mù tí à ń pè ní H1, a ó fi ránṣẹ́. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan, ara tù mí. Bí wọ́n bá jẹ́ ti méjì, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ méjèèjì, owó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, H1 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọn ayẹ̀wéwò ìpínlẹ̀ méjì sì máa pín ọjọ́ láàárín ara wọn láti wá tú fáìlì wa. Ọ̀gá wo ló ń wá irú ìyẹn? Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá a lábàá fún ọ̀gá wa àtijọ́, ó ní, “Ìyá Ìbejì, ṣé Ògùn ló fún wa ní làísẹ́nsì ni?” Ó ń po tíì rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ l'Ékòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: gbogbo orúkọ, Èkó, ó tán. Ìrọ̀rùn ni, kò sí ìwà burúkú kankan níbẹ̀, àmọ́ kò bá òfin mu.

Kí n má di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ọ̀gá ṣá. Ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ náà ò mọ́. Ẹni tó bá ti wá iṣẹ́ n'Ìkẹjà rí mọ̀ pé ibòmíì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí Ṣàngó tàbí Ìfọ̀ nínú ìwé èèyàn, wọ́n ti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn. Wọ́n á ní yóò máa pẹ́ dé, yóò máa fi sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kẹ́wọ́. Nítorí náà, adirẹ́ẹ̀sì ẹ̀gbọ́n tàbí ti àǹtí tó ń gbé Agége lèèyàn ń kọ. Iṣẹ́ á bọ́ sí i, adirẹ́ẹ̀sì náà á sì wà lórí fáìlì títí láé.

Nígbà tí mo tẹ adirẹ́ẹ̀sì gbogbo òṣìṣẹ́ wa jáde kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí ilé kan ṣoṣo l'Ágége, nọ́ńbà kan náà, òpópónà kan náà, lórí fáìlì èèyàn mẹ́ta: awakọ̀ kan, ọmọbìnrin tó ń gbàlejò, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilé ìkẹ́rùsí. Wọn ò bára wọn tan. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ ní ilé ìyá ìyàwó òun ni. Ọmọbìnrin náà ní awakọ̀ ló ní kóun kọ ọ́ nígbà tóun ń wá iṣẹ́, pé ilé náà ti ṣojú rere fún ẹni púpọ̀. Èyí tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ má bínú mà, gbogbo wa la mọ ilé yẹn.” Ọ̀tà ni òun alára ń gbé. Awakọ̀ wà ní Alágbolé. Ọmọbìnrin yẹn, Agbádó ló ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Lójú òfin, ará Ògùn làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ìwé, inú yàrá kan l'Ágége ni wọ́n jọ ń sùn.

Òfin tuntun yìí ló wá ń tú gbogbo rẹ̀ fó, bóyá àwọn tó ṣe é mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀. Tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó ń béèrè ilé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. A máa ń yọ 200,000 náírà tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé fún un, èyí tó bá pọ̀ jù, a ó tún yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ká tó bu owó orí lé ìyókù. Gbogbo ènìyàn ló ń jẹ ẹ́, ayálégbé àti onílé. Ìyẹn ti lọ. Báyìí, 800,000 náírà àkọ́kọ́ lọ́dún ni wọn kì í fọwọ́ kàn, ẹni tó bá sì ń sanwó ilé lè yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé náà, kó má ṣáà ju 500,000 náírà lọ. Ó sì gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí hàn pé òun san án.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń gba 250,000 náírà lóṣù. Mílíọ̀nù mẹ́ta nìyẹn lọ́dún. Ká ní 240,000 lọ sí owó ìfẹ̀yìntì, ó sì ń san 400,000 lọ́dún fún ilé tó gbà ní Ìjọ̀kò. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún 400,000 jẹ́ 80,000. Ó ku 2,680,000. Ẹ mú 800,000 tí wọn kì í fọwọ́ kàn kúrò, ó ku 1,880,000. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí èyí, ó jẹ́ 282,000 lọ́dún, tàbí 23,500 lóṣù. Bí kò bá mú ẹ̀rí owó ilé wá, yóò san 12,000 náírà lé e lọ́dún. Owó ni 12,000 o.

Nítorí 12,000 yìí, òṣìṣẹ́ á mú rísíìtì owó ilé wá bá mi. Adirẹ́ẹ̀sì wo ló wà lára rísíìtì? Ìjọ̀kò. Adirẹ́ẹ̀sì wo ló wà lórí fáìlì? Agége. Èmi á wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, màá máa fi rísíìtì ilé tó wà ní Ògùn dín owó tí mo fẹ́ san fún Èkó kù. Ayẹ̀wéwò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni yóò gbá ìwé méjèèjì mú, yóò sì béèrè èwo nínú wọn ni irọ́. (Àwọn lánlọ́ọ̀dù kan náà ò ràn wá lọ́wọ́. Lánlọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ wa kan kọ̀ jálẹ̀, kò fún un ní rísíìtì, ó ní òun ò ní bá ẹnikẹ́ni kọ̀wé tí ìjọba á fi mọ iye tó ń wọlé fóun. Owó orí ló ń sá fún.)

Irú rísíìtì Ìjọ̀kò yẹn ni mo gbé lọ sí iwájú ọ̀gá wa tuntun. Ó wò ó, ó wo tábìlì, ó ní, “Ẹ pín wọn.” Láti oṣù kìíní ọdún yìí, ìwé owó orí méjì ni mò ń ṣe lóṣooṣù, ọ̀kan fún Èkó, ọ̀kan fún Ògùn. Iṣẹ́ náà pọ̀ sí i, mi ò ní purọ́. Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ló máa bínú. Ọ̀kan ní kí ni Ògùn ṣe fóun: ọ̀nà àdúgbò àwọn, àwọn lánlọ́ọ̀dù ló ń dáwó ra òkúta tí wọ́n ń kó sí i, ẹ̀rọ tíráńsífọ́mà, àwọn náà ni. Ó ní Èkó lòun ti ń rí ohun tí wọ́n ń fi owó orí ṣe. Mo mọ ohun tó ń sọ. Òkúta tèmi náà wà ní ojú ọ̀nà Àkútè. Ṣùgbọ́n bí owó wa bá ń lọ sí Èkó lọ́dọọdún, ẹnu wo la fẹ́ fi bá ìjọba Ògùn ní Òkè Mosàn sọ̀rọ̀ ọ̀nà? Wọ́n á ní kò sí orúkọ wa níbẹ̀, òótọ́ ni wọ́n á sì sọ.

Nípa ti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ní kí ará Ìjọ̀kò san: ẹ má sáré san án. Ẹ lọ bá ẹni tó ń ṣe owó oṣù níbi iṣẹ́ yín, kó fún yín ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí orúkọ yín wà, pẹ̀lú rísíìtì ìjọba fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe ojú rere. Ẹ fi ìyẹn gba tax clearance l'Ékòó, kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti dá yín padà, pẹ̀lú lẹ́tà tó fi hàn pé wọ́n ti yọ owó orí yín lórí owó oṣù kan náà. Bí ìpínlẹ̀ méjì bá ń jà lórí ẹni tó ni owó orí ẹnì kan, Joint Tax Board ni òfin gbé ìjà náà lé lọ́wọ́ láti yanjú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, iṣẹ́ ọ̀hún sì ti kọjá sọ́dọ̀ àjọ tó gba ipò rẹ̀. Òfin tuntun tún dá ọ́fíìsì Tax Ombud sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ẹ̀sùn. Ẹni tí wọ́n ti yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ló yẹ kó máa sáré láàárín Aláúsá l'Ékòó àti Abẹ́òkúta bíi bọ́ọ̀lù.

Kí n sọ ti àwọn tó ní ilé méjì, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti ń pọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní 2021, mo mọ àwọn tó kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n sì gba yàrá kan sí Èkó fún ọjọ́ iṣẹ́. Òfin ní bí èèyàn bá ní ibùgbé ní ìpínlẹ̀ méjì, tó sì ń ṣiṣẹ́ owó oṣù, èyí tó bá sún mọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ jù ni wọ́n máa kà. Èkó ló ni ti ẹni yẹn, bí gbogbo ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ wà n'Íbàdàn. Hòtẹ́ẹ̀lì kò sí nínú ibùgbé, ibi téèyàn kàn wọ̀ sí fún ìgbà díẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àtúnṣe 2011 tún fi kún un pé ẹni tó ní ilé méjì báyìí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka iléeṣẹ́ tàbí ní fákítọ̀rì, ibi tí ẹ̀ka tàbí fákítọ̀rì náà wà ni wọ́n máa wò. Ìyẹn ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn fákítọ̀rì Agbára àti Ọ̀tà ṣe gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí wọ́n tó lọ bínú.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní New Jersey, ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní New York. Òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n lè fi òfin sanwó orí sí ìpínlẹ̀ méjì ní tòótọ́. New York ń gba tirẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. New Jersey náà ń béèrè nítorí pé ibẹ̀ ló ń gbé. Lọ́dọọdún, ìwé méjì ló ń kọ, ti New York gẹ́gẹ́ bí àlejò, ti New Jersey gẹ́gẹ́ bí onílé, New Jersey á sì yọ ohun tó ti san fún New York kúrò nínú tiwọn, kí owó kan má baà jẹ owó orí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àwọn tó ń gbé Maryland tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Virginia ò tiẹ̀ ní wàhálà yẹn lórí owó oṣù wọn, torí ìpínlẹ̀ méjèèjì ti bára wọn ṣàdéhùn pé ibi téèyàn ń gbé nìkan ni yóò san sí. Tiwa rọrùn ju ti New Jersey lọ lórí ìwé, ìpínlẹ̀ kan péré ni òfin wa mú. Ohun tó rọrùn yìí la ò rí ṣe.

Èyí tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ owó orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jà títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Àgbẹ́kọ̀yà jà ní 1968 wọ 1969. Àwọn yẹn mọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì mọ ẹni tó ń gbà á. Àwa tí wọ́n ń yọ tiwa kó tó dé ọwọ́ wa, ọ̀pọ̀ wa ò mọ ìjọba tó gbà á. Ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín nínú ọkọ̀ lọ́la, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ.

Ní 2021, Gómìnà Sanwó-Olú àti Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé Èkó àti Ògùn á jọ máa ṣe ìdàgbàsókè agbègbè ààlà. Inú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wà. Kí àjọ owó orí méjèèjì máa fi orúkọ hàn ara wọn, kí èyí tó bá gba owó tí kì í ṣe tirẹ̀ fi ṣọwọ́ sí ẹnì kejì láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ sí i. Nọ́ńbà NIN ti di nọ́ńbà owó orí wa báyìí, kò yẹ kó ṣòro. Olóòtú, ẹ bá wa bi wọ́n léèrè. Bí àjọ méjèèjì bá fèsì, ẹ tẹ ìdáhùn wọn jáde lójú ewé kan náà, ká lè kà wọ́n pọ̀.

Kí n dáhùn ìbéèrè méjì tí wọ́n máa ń bi mí nígbà gbogbo, kí n tó sinmi. Ẹni tó ní ilé tó fi ń gba owó ayálégbé ní Òṣogbo tàbí l'Ágége, tó sì ń gbé Àkútè: ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń gbé ló máa kọ owó ilé yẹn sí, mọ́ owó oṣù rẹ̀, kó tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ PAYE rẹ̀ náà ní ìwé tirẹ̀ láti kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń kọ ọ́ ò pọ̀. Owó ilẹ̀ tí Èkó ń gbà lórí ilé Agége, Land Use Charge, ìyẹn yàtọ̀, Èkó ló ni ín.

Ìkejì ni ti awakọ̀ kan níbi iṣẹ́ wa, kì í ṣe ti ilé Agége tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan o, òmíràn ni. Mushin ló ń gbé nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹta ló kó wá sí Àkútè. Ó fẹ́ kí n gbé e sínú ìwé Ògùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní rárá. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni òfin tí a ti ń lò bọ̀ máa ń wò, Mushin ló sì wà lọ́jọ́ náà. Èkó ló ni owó orí rẹ̀ títí ọdún yìí á fi parí. Bó bá di oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀, kó mú rísíìtì ilé Àkútè wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ìbejì,
Àkútè, Ìpínlẹ̀ Ògùn.